Ọlẹ̀ Kò Tíì Sọ

Ó tó oṣù kan gbáko tí mo ti ń gbé Ìkòròdú kí n tó mọ̀ pé n kò tíì dé Èkó.

Ní Ìsẹ́yìn, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Èkó ni mo lọ. Màmá mi ti kéde rẹ̀ nínú ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń ṣe ní ìtàdógún-ìtàdógún. Àwọn ìyá náà ṣàdúrà fún mi bí ẹni tó ń lọ sí ìlú òyìnbó, títí kan ìyá àgbà kan tó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù ibẹ̀ pa mí. Mo ṣe àmín. Ṣé mo mọ̀? Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Alhájà onílé wa lẹ́nu géètì, wọ́n ti múra, lọ́fínńdà wọn ti ṣáájú wọn bọ́ sí títì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ ń jáde ni, Alhájà?"

"Mò ń lọ Èkó, ìyàwó. Ó dìrọ̀lẹ́."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. "Ibo wá la wà yìí, mà?"

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìkòròdú ni. Ṣé ẹni tó mú ẹ wá ò sọ fún ẹ ni?"

Kò sọ fún mi. Ọkọ mi ló mú mi wá, Ẹ̀pẹ́ ni òun sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń bá àwọn kan wọn ilẹ̀, àwọn tó ń ta ẹrẹ̀ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun. Wọ́n ti fún ẹrẹ̀ náà ní orúkọ òyìnbó, wọ́n sì ti ya òdòdó sí i nínú ìwé. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tàbí àárọ̀ Àbámẹ́ta ló máa ń gba ọ̀nà Ìtóìkín wá sílé, bàtà rẹ̀ á ti gbé díẹ̀ lára dúkìá àwọn oníbàárà bọ̀.

Omi inú ilé wa pọ́n bí tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í bẹ̀rù iná. Èmi tí mo sì ti ń fi Yorùbá Ọ̀yọ́ mi ṣe fújà láti ilé ìwé gíga, tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé tiwa ni ojúlówó, mo ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Alhájà àti àwọn àbúrò wọn tí wọ́n ń sọ èdè Ìkòròdú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tọ́ka sí mi, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́wàá. Ìyàwó ará òkè ni orúkọ tí wọ́n sọ mí. Èyí tí mo gbọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárọ̀, omi pupa yẹn ni mo dá lẹ́bi. Mo ra omi inú ọ̀rá. Mo bì í. Mo se omi, mo sẹ́ ẹ, mo fi álọ́ọ̀mù sí i. Mo bì í. Alhájà ló dúró lẹ́yìn fèrèsé mi ní ọjọ́ kan tí wọ́n ní, "Ìyàwó, bó bá jẹ́ omi ni, àwa tá a ti ń mu ún láti ọjọ́ aláyé ì bá ti bì títí dé etí ọ̀sà Ìpakòdò. Lọ yẹ ara ẹ wò."

Mo yẹ ara mi wò. Ẹnu yà mí, bí ẹni pé n kò mọ bí oyún ṣe ń dé. Mo pe màmá mi.

"Má sọ fún ẹnìkankan," ni wọ́n wí. "Oyún kì í ṣe ohun tí à ń pariwo." Ó di ọjọ́ kejì, ìyá àgbà òtútù pè mí láti Ìsẹ́yìn láti kí mi kú oríire.

*

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé aládàáni kan. Ẹni tó ni ilé ìwé náà ń jẹ́ Dókítà. Oyè náà wọlé tọ̀ ọ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́, ó sì tóbi lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ju àwòrán ilẹ̀ ayé lọ. Ó sọ fún wa nínú ìpàdé olùkọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ni òun dá sílẹ̀, òun ò dá ilé ìgbẹ̀bí sílẹ̀. Mo lọ ra hìjáábù tó fẹ̀ tó àgọ́. Ìyẹn bo ikùn. Kò bo ìyókù.

Nítorí pé láti oṣù kẹrin ni ara mi ti kúrò lábẹ́ àṣẹ mi. Ìríra oúnjẹ lọ, ebi sì gba ipò rẹ̀ bí ìjọba tuntun tó fẹ́ ná gbogbo ohun tí ti àná fi pa mọ́. Mo ń fọ eyín, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Mo fọn imú, ẹ̀jẹ̀. Ìlà dúdú kan jáde láti ìdodo mi sísàlẹ̀, ó tọ́ bí ẹni pé ọkọ mi ló fi okùn wọ̀n ọ́n. Àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣú. Irun orí mi tí kì í gùn ki bí igbó. Bàtà mi kọ̀ mí. Bí mo bá yára dìde, nǹkan á fà mí ní ẹ̀gbẹ́ ikùn bí ẹni pé wọ́n so mí mọ́ àga. Ní ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò, èmi ni mo sùn lọ. Ìgbà tí mo jí, ẹni tó máa ń gbẹ̀yìn ní kíláàsì náà ti ṣe tán, ó ń fi ìwé fẹ́ mi.

"Àǹtí, ẹ sinmi," ó ní. "Gbogbo wa la mọ̀."

Màmá mi bí ọmọ márùn-ún. Mo pè wọ́n, mo ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi pé báyìí ló ń rí?"

"O ò béèrè."

Ìwé àti fóònù ni mo wá fi ṣe màmá. Mo gba ètò kan sínú fóònù tó ń sọ fún aboyún bí ọmọ ṣe ń dàgbà, mo fojú bu ọjọ́ fún un. Mo ń ka àwọn ohun tó sọ ní àkàtúnkà: pé láàrin oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni irun ojú ń hù, tí èékánná ń yọ, tí ìlà ìka ọwọ́ tí kò jọ ti ẹlòmíì ń fa ara rẹ̀, pé ọmọ náà ti ń gbé omi mì, ó ń mu àtàǹpàkò, ó ń sùn, ó ń jí, pé ọ̀rá funfun kan bo gbogbo ara rẹ̀ kí omi má bàa ba awọ rẹ̀ jẹ́, pé etí rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ máa gbọ́ ohùn mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan ìwọ̀n ọmọ, èso ni ètò náà máa ń fi ṣe àpèjúwe, èso tí n kò rí rí, tí n kò mọ bóyá jíjẹ ni tàbí fífi sínú àwo fún àlejò wò. Ọ̀sẹ̀ kan tó fi máa jẹ́ ohun tí mo mọ̀, ó ní ọmọ mi ti gùn tó àgbàdo. Mo bínú. Irú àgbàdo wo? Èyí tó yọmọ dáadáa, àbí èyí tí ọ̀gbẹlẹ̀ pa?

Ó sì sọ ohun kan sí i. Ó ní ó yẹ kí n ti máa gbọ́ ọ tí ó ń rìn, bí ìgbà tí labalábá bá ń fò nínú ikùn.

*

Ọjọ́ tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, Ọjọ́bọ̀ ni. Mo ti pẹ́ kí n tó lọ, nítorí hìjáábù mi àti Dókítà onífìwéránṣẹ́. Àwọn aboyún kún orí bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì kan dúró níwájú wọn, ó ń dá orin, wọ́n ń gbè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: orin ẹ̀fọ́, orin àwọ̀n ẹ̀fọn, orin fífi ọyàn nìkan bọ́ ọmọ. Èmi tí mo fi ìpele kejì ti òkè gboyè ní yunifásítì, mo ká ọwọ́ mi sí àyà, mo ń wò wọ́n bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé ijó. Ó kàn mí.

"Mọ́mì, ọjọ́ wo lẹ rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn?"

N kò mọ̀. Ilé ni mo wà nígbà náà, kí n tó máa bọ̀. Ọjọ́ jọ ọjọ́. Mo pe màmá mi níwájú nọ́ọ̀sì àti bẹ́ǹṣì méjì tó dákẹ́ láti gbọ́ mi dáadáa.

"Ọjọ́ ìpàdé wa ni," ni màmá mi wí, wọn ò tilẹ̀ ronú. "Ọjọ́ tó o ní o ò lè bá wa kírun, tó o jókòó síta, tó ò ń bó ẹ̀pà."

"Ọjọ́ kelòó lóṣù, Màmá?"

"Èmi ò mọ oṣù yín. Ọjọ́ ìpàdé ni mo ní. Òní náà la ní ìpàdé, mo ń múra lọ ni. Tá a bá ka tọjọ́ náà mọ́ ọn, tòní ni ìkẹsàn-án. Ìtàdógún mẹ́sàn-án."

Nọ́ọ̀sì gbé pẹ́ẹ̀nì sókè. "Mọ́mì, a kì í kọ ìpàdé sínú káàdì o."

"Ẹ má ṣèyọnu, nọ́ọ̀sì," mo ní, mo sì jẹ́ kí bẹ́ǹṣì méjèèjì gbọ́. "Ìṣirò ni mo kà."

Ìtàdógún jẹ́ ọjọ́ mẹ́tàdínlógún; mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́sàn-án: ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́jọ. Orí ni mo fi ṣe é, n kò tẹ ẹ̀rọ kankan. Mo ka kàlẹ́ńdà sẹ́yìn, mo dá ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kọ ọ́.

"Ọ̀sẹ̀ méjìlélógún ló ń lọ yìí," ó ní. "Oṣù márùn-ún kọjá. Ọmọ ti ń yí nìyẹn?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà," mo dáhùn, bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ọkọ̀ Ìtóìkín.

Obìnrin kan tó jókòó tì mí, aránṣọ ni, ó fi ojú wọn ikùn mi bó ṣe ń wọn aṣọ. "Ọ̀sẹ̀ méjìlélógún, báyìí? Tèmi ò tó tìẹ, ó ń gbá mi bíi bọ́ọ̀lù. Ìwọ ò gbọ́ nǹkan kan?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan."

Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín. Ó kàn na ọwọ́, ó sì fi pa ikùn mi lórí hìjáábù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kí ọmọdé tí ara rẹ̀ ò yá.

*

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti gba ilé mi. Mo ń mu omi tútù kó lè ta gìrì. Mo ń lá ṣúgà. Mo ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mi mú, mo ń retí. Gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ níbẹ̀ kò ju gáàsì lọ. Alhájà máa ń gbé ẹ̀wà wá fún mi nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti jẹ ẹ́ tán tí mo dùbúlẹ̀, gáàsì á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìdodo: pú, á dákẹ́, pú-pú. Mo ń gbo ata ilẹ̀ mu fún un. Mo tilẹ̀ bá a wí: àyè ọmọ nìyí, kì í ṣe àyè rẹ.

Màmá mi ń pè ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

"Ṣé ọlẹ̀ ti sọ nínú ẹ?"

"Kò tíì sọ, Màmá."

Wọn kì í sọ nǹkan kan sí i. Èmi ni mo sì mọ̀ pé màmá mi kì í dákẹ́ lórí fóònù láé. Obìnrin tó máa ń sọ iye ẹyin tí adìẹ rẹ̀ yé kó tó béèrè àlàáfíà mi. Mo ń gbọ́ èémí wọn. Lẹ́yìn èémí wọn, mo ń gbọ́ ìró òfì tí bàbá mi ń hun ní ẹ̀yìnkùlé, kàtà-kàtà, kàtà-kàtà, títí wọ́n á fi ní, "Ó dáa, ó dàárọ̀."

Ọjọ́ kẹrìnlá, Ọjọ́bọ̀ mìíràn, mo padà sí ilé ìwòsàn. Lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì dá mi dùbúlẹ̀, ó fi téèpù bíi ti aránṣọ wọn ikùn mi láti egungun ìsàlẹ̀ dé òkè ilé ọmọ. Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n.

"Ó yẹ kó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélógún," ó ní. "Ogún ni mo rí. Ṣé ó ti ń yí?"

"Rárá, mà."

"Mọ́mì, ṣé ọjọ́ tẹ́ ẹ fún wa yìí dá yín lójú?"

Ẹnu ọ̀nà àánú ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi tì í. "Ó dá mi lójú," mo ní. "Olùkọ́ ìṣirò ni mí."

Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé ikùn mi, ó ń wá a kiri. Mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Lójijì, ó jáde: kàtà-kàtà-kàtà-kàtà. Ọkàn ọmọ mi ń lù, ó ń sáré, ó sì jọ òfì bàbá mi tí wọ́n ń hun nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohùn ilé àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ní Ìkòròdú láìsí fóònù nìyẹn. Mo sunkún. Nọ́ọ̀sì náà kò bá mi yọ̀ tó bí mo ṣe fẹ́. Ó ń kọ ìwé pé kí n lọ ya àwòrán inú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹni tó ya á ń jẹ gọ́ọ̀mù. Ó da ohun tútù kan sí mi níkùn, ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi. Mo rí ọmọ mi. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ tò bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà. Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu. Ó yí ara padà, ó fi ẹsẹ̀ ti nǹkan tí mo mọ̀ pé èmi ni.

"Ó ń yí dáadáa," ni ọkùnrin náà wí.

"N ò gbọ́ ọ."

Ó dẹ́kun gọ́ọ̀mù jíjẹ. Ó wo káàdì mi. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kọ síbí. Ọ̀sẹ̀ ogún àti ọjọ́ mẹ́ta ni èyí. Ọmọ ò ní àléébù o, Mọ́mì, ṣùgbọ́n ó kéré sí ọjọ́ yín, ó fẹ́ẹ̀ tó oṣù kan. Ẹ gbé e fún dókítà lọ́jọ́ Ajé."

Mo fi ẹsẹ̀ rìn délé. Mo kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì Ìmọ́ta, mo kọjá mọ́ṣáláásí, n kò kí ẹnìkankan. Oṣù kan. Kí ni mo ṣe ní oṣù kan sẹ́yìn tí ọmọ mi fi dúró? Ṣé omi náà ni? Ṣé ìdúró níwájú pátákó ni? Èrò kan wá bá mi tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni: pé bóyá ọmọ náà ń ṣe bí èmi. Ẹni tó dé ilẹ̀ àjèjì, tí kò tú ẹrù rẹ̀, tó jókòó lé orí àpò, tó ń retí kí wọ́n ní ó yá, ká padà sílé. Èmi ni mo ti jókòó báyẹn láti ìgbà tí mo dé. Àwo tí màmá mi dì fún mi ṣì wà nínú páálí. Ta ni ọmọ ì bá fi ìdúró jọ?

*

Àárọ̀ Àbámẹ́ta, ọkọ mi wọlé láti Ẹ̀pẹ́, ẹja àrọ̀ mẹ́rin láàyè nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí. Ó dà wọ́n sínú bàsíà lẹ́yìnkùlé. Mo na ìwé àwòrán náà sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Tíṣà," ó ní. Ohun tó máa ń pè mí nìyẹn. "Níbi iṣẹ́ wa, bí a bá wọn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò dọ́gba, a kì í sọ pé ilẹ̀ ló súnkì. Téèpù la máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

"Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń sọ! Ọmọ lèmi ń wí, ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀. Téèpù tèmi ò ní àléébù kankan."

Alhájà ti gbọ́ ariwo ẹja, wọ́n ti jáde wá; ẹnikẹ́ni kì í gbé ẹja láàyè wọ ilé náà kí wọ́n má mọ̀. Wọ́n bá mi tí mo ń sunkún. Kí wọ́n tó béèrè, fóònù mi dún. Màmá mi ni, ariwo àwọn obìnrin kún ẹ̀yìn wọn.

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ túká nípàdé ni, ilé wa ló kàn lónìí," wọ́n ní. "Gbogbo wọn ló gbàdúrà fún ẹ. Wọ́n fi Yásínì ṣe é. Ọlẹ̀ máa sọ, lágbára Ọlọ́run."

"Àmín, Màmá." Mo nu ojú. Nǹkan kan kò dọ́gba létí mi. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe ìpàdé lónìí? Ọ̀la ló yẹ."

"Ọ̀la kẹ̀?"

"Ọjọ́bọ̀ lẹ ṣe ti ìjọsí, ọjọ́ tí mo pè yín nílé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún sí i, ọ̀la ni."

"Òní ni ìtàdógún pé. Láti ìgbà tí ìyá mi ti ń gbé mi pọ̀n lọ síbẹ̀, ìtàdógún kì í yẹ̀."

Alhájà ti ń fi ìka kà. "Òní náà ni," wọ́n ní. "Màmá ẹ ò ṣì í. Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan. Jímọ̀, méjì. Àbámẹ́ta, mẹ́ta..."

"Alhájà, Ọjọ́bọ̀ kọ́ ni ọ̀kan! Jímọ̀ ni ọ̀kan. Ọjọ́ kan ní láti kọjá kó tó di ọ̀kan."

Wọ́n kọ́kọ́ fi èdè Ìkòròdú sọ nǹkan kan fún ara wọn, wọ́n wá yí i sí èyí tí mo gbọ́. "Ìwọ ìyàwó yìí. Nígbà tí mo ń ná ọjà Àgbọ̀wá ní ọrọọrún, ọjọ́ tí mo bá ná an gan-an ni ọ̀kan. Mo ná an lónìí, ọ̀kan. Ọjọ́ karùn-ún, mo ti tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí òní kọ́kọ́ kọjá, ewúrẹ́ ló máa bá lọ́jà. Báyìí ni gbogbo Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́. Kí ni wọ́n wá ń kọ́ yín ní yunifásítì?"

Mo jókòó sílẹ̀. Lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà ẹja.

Ìtàdógún kan, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré ló wà láàrin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé mẹ́sàn-án: tọjọ́ tí mo ń bó ẹ̀pà ti wà nínú rẹ̀, àlàfo mẹ́jọ péré ló wà láàrin wọn. Màmá mi ti sọ ọ́ kedere, "tá a bá ka tọjọ́ náà mọ́ ọn." Lọ́tẹ̀ yìí, mo tẹ ẹ̀rọ, n kò gbẹ́kẹ̀ lé orí mi mọ́. Títí di òní, ìpàdé ti di mẹ́wàá, àlàfo mẹ́sàn-án. Mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́rìnlélógóje. Yọ ọ̀kan kúrò, nítorí àná ni mo ya àwòrán. Mo fi méje pín in.

Ọ̀sẹ̀ ogún àti ọjọ́ mẹ́ta.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò ràn án lọ́wọ́. "Téèpù ni," ó ní. "Tíṣà, téèpù ni!"

Màmá mi ń pariwo nínú fóònù tó wà lórí itan mi. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn!"

"Ọmọ ò kéré, Màmá," mo ní, omijé ń bọ́ lójú mi. "Èmi ni mo bù kún ọjọ́ orí rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, dókítà kàn máa fa ìlà lé ọjọ́ tí mo dá, kò ní tilẹ̀ yà á lẹ́nu, yóò ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Ṣùgbọ́n Alhájà kò tíì ṣe tán pẹ̀lú mi.

"Ó tó oṣù tí ó yẹ kó wà," wọ́n ní. "Ó dáa. Ó ti sọ àbí kò tíì sọ?"

"Kò tíì sọ, Alhájà."

"O mọ bó ṣe ń rí?"

"Fóònù ní ó máa ń dà bíi labalábá nínú ikùn."

"Labalábá wọ ikùn ẹ rí?"

"Rárá, mà."

"Báwo lo ṣe máa wá dá a mọ̀? Na ọwọ́ ẹ wá."

Wọ́n mú ọwọ́ mi lọ́rùn ọwọ́ bí ẹni mú ọmọ kéú, wọ́n tì í bọ inú bàsíà. Ará Ìsẹ́yìn ni mí; ẹja tútù tàbí yíyan ni mo mọ̀. N kò fọwọ́ kan ẹja tó ń mí rí. Mo fẹ́ fa ọwọ́ yọ, wọ́n ní, "Fi sílẹ̀. Má mú un. Ìwọ kàn dúró."

Mo dúró. Omi náà dákẹ́. Àwọn ẹja náà lọ sí ìsàlẹ̀, dúdú lórí dúdú. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan yí padà, ó fi ẹ̀yìn ìrù rẹ̀ kan àtẹ́lẹwọ́ mi, fẹ́rẹ́, ó sì lọ. Pú. Ó dákẹ́. Pú-pú.

Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi fi rò pé ẹja gún mi.

"Gáàsì mi ni!" mo ń wí. "Alhájà, gáàsì mi nìyí!"

"Gáàsì wo?"

"Èyí tó ń ṣe mí nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ẹ̀wà yín! Èyí tí mo ń gbo ata ilẹ̀ fún! Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án!"

Alhájà fi ọwọ́ lé orí. "Ọmọ ń kan ilẹ̀kùn fún ìyá ẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìyá ń fi ata lé e!" Wọ́n fi èdè Ìkòròdú kígbe rẹ̀ sí òdìkejì ògiri, àwọn kan bú sẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ ọ, gbogbo rẹ̀.

Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, tí òórùn ẹja ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi gbé etí sílẹ̀, bí ẹni pé ó lè gbọ́ ọ. Ó pẹ́. Mo ti fẹ́ máa rò pé mo tún ti ṣìṣirò. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ ìdodo mi, ìrù ẹja kékeré kan yí padà.

"Màmá," mo ní sínú fóònù. Wọn ò tíì gé e. "Ọlẹ̀ ti sọ."

Mo gbọ́ òfì tó ń lọ lẹ́yìn wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n fa ikun sínú imú.

"Ìgbà wo ni kí n máa bọ̀ wá wẹ ọmọ?" wọ́n ní. "Ka ọjọ́ fún mi dáadáa o."

Mo wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ ka ìtàdógún mẹ́sàn-án, Màmá."

"Tòní ńkọ́?"

"Ẹ fi tòní ṣe ọ̀kan."